Ẹ̀rọ Omi Ẹ̀yìn Ògiri

Ìyá Sínótù, opó tó ń dá gbé, gba yàrá kan nílé Àlàájì Múfútáù. Àlàájì ní ìyá ló ń fi omi táǹkì ṣòfò, pé bí omi bá tún dín láìnídìí, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ tí gbogbo ilé ń lọ síbi yìgì ní Ìṣẹ́yìn, ìyá ní, “Àlàájì, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, títí kan tèmi, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín. Ẹ ki ọ̀pá bọ táǹkì, kẹ́ ẹ fi ẹfun sàmì síbi tómi dé.” Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà sì bá wọn wọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé nírọ̀lẹ́, omi ti fi ìka méjì lọ sílẹ̀. “Ta ló wá pọn ọ́n?” ni ìyá bi í. Ó ní kí Àlàájì ṣí balùwẹ̀ ara rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ omi olówó gọbọi tó ń dán níbẹ̀ ń kán tó, tó, tó. Ojú ti Àlàájì, ó ní kí ìyá bá òun yan òmíràn. Ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá ní kí wọ́n so àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ mọ́ omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣí i, ó ń tì í, ó ń tẹ́tí sí i, títí ó fi mú kékeré kan tí kì í kán rárá. Nígbà tí wọ́n dè é tán, Àlàájì bi í pé, “Ìyá, ẹ ò wọ balùwẹ̀ mi rí. Báwo lẹ ṣe mọ̀?” Ó ní, “Ògiri kan ló wà láàárín wa, Àlàájì. Látìgbà tí bàbá Sínótù ti kú, ẹ̀rọ yẹn nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ ní yàrá mi. Èmi náà ni mo wá yan èyí tí kì í sọ̀rọ̀.”