Irin Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Nílùú Òkè-Èrò, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Olóyè Fálórè. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó sì fi ọkọ̀ Ìjàpá kan sílẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ róbótó ayé àtijọ́. Ìyá Olóyè, Màmá Àṣàbí, ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí wọ́n fi ọkọ̀ ọkọ òun gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, kí òun tó kú.

Olóyè wọ́ ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Òjéwùmí, alùpáànù tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Obìnrin ajórin kan ń bá a ṣiṣẹ́, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Ìbídùn fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè díẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn há. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí.

"Olóyè, ẹ rí i bí? Irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì ni egungun ọkọ̀ yìí. Ó ti dógùn-ún tán, ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi ń tẹ̀. A ó kọ́kọ́ jó ọ̀pá dábùú ẹnu ilẹ̀kùn, kí ara ọkọ̀ má baà yẹ̀, ká tó gé èyí tó jẹrà, ká fi irin tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ̀? Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́sàn-án!" Olóyè yíjú sí Òjéwùmí. "Ọ̀gá, ṣé abẹ́ ọkọ̀ làwọn èèyàn máa wò ni?"

Òjéwùmí rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn, sà. Ìbídùn yìí, tó bá rí ìdun kan lórí bẹ́ẹ̀dì, á ní kí wọ́n wó ilé."

Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa wà á, sà?"

"Múfútàù, awakọ̀ mi."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Èmi á máa fi jíìpù mi tẹ̀ lé wọn."

"Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ ni ìkánjú. Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀mí ẹlòmíràn lẹ fẹ́ fi dán an wò?"

"Ìbídùn! Panu mọ́!" Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe dá a dúró nìyẹn.

Òjéwùmí ṣe é bí Olóyè ṣe fẹ́: wọ́n ki ìwé ìròyìn sínú ihò tí ìpẹtà jẹ sára irin náà, wọ́n fi pọ́tì, amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀, dí i, wọ́n ha á títí ó fi jọ̀lọ̀, wọ́n sì fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ sánmà sí i. Ó dán bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

Lọ́jọ́ ìkórè, Màmá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń fọwọ́ pa ìjókòó bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ. Múfútàù ti gbọ́ ohun tí Ìbídùn sọ. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ mẹ́rin tó ń jẹun lórí iṣẹ́ náà, ta ló sì fẹ́ sọ fún Olóyè pé òun ò lọ? Láti ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́, Ìbídùn ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó gbé àpò irinṣẹ́, ó gun ọ̀kadà, ó tẹ̀ lé wọn.

Afárá kan tí kò ní ọwọ́ ìdìmú wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Èrò. Òjò ti gbẹ́ kòtò sí ẹnu rẹ̀. Bí táyà iwájú ṣe já sí kòtò yẹn, nǹkan dún fàà, bí ìgbà tí aṣọ bá ya. Àárín ọkọ̀ wọlẹ̀. Ó fì sọ́tùn-ún, ó yọ̀, ó dúró, táyà iwájú kan sì ń yí lófuurufú lókè odò.

"Múfútàù, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Màmá, ẹ má mira. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira rárá."

Múfútàù taari ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Òórùn epo bẹntiróòlù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Olóyè sáré dé, ó ń kígbe pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgérin wá.

"Ẹ má dán an wò!" Ìbídùn ti bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. "Ẹ ò gbóòórùn ni? Tí iná bá ta pàrà lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Olóyè, ẹ lọ jókòó sórí bọ́ńpà ẹ̀yìn. Tí ẹ bá dìde, odò ni wọ́n ń lọ."

Olóyè jókòó. Ìbídùn dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fi ayùn ọwọ́ gé irin ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, ó ń da omi sí i kó má baà gbóná. Gbogbo fífà tí ayùn náà bá fà ni Olóyè ń mọ̀ lára egungun ìdí rẹ̀. Ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Òógùn bò ó, kò lè nù ún.

Nígbẹ̀yìn, ilẹ̀kùn já. Wọ́n fa Màmá jáde, lẹ́yìn náà Múfútàù.

Ìwé ìròyìn ti dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Màmá mú ègé kan nínú rẹ̀ tí pọ́tì àti ọ̀dà ṣì lẹ̀ mọ́. Ó nà án sí Olóyè.

"Fálórè, gbogbo wa tá a lójú lo fi èyí tàn jẹ. Ṣé ọ̀nà yìí náà ní ojú ni?"

Olóyè wọ́ ọkọ̀ náà padà sí ibi iṣẹ́. Ó fúnra rẹ̀ bẹ Ìbídùn kó tún un ṣe. Ìbídùn jó ọ̀pá dábùú, ó gé gbogbo èyí tó jẹrà, ó fi irin tuntun ṣe egungun ọkọ̀ náà. Nítorí pé ọkọ̀ náà ti bà jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iṣẹ́ gba ọ̀sẹ̀ méje, ẹnikẹ́ni kò kán an lójú. Lọ́jọ́ tó parí, Olóyè nìkan ló kọ́kọ́ wà á sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Múfútàù dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wò ó.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà Òkè-Èrò ti ń pa á lówe pé: Ojú ni ọ̀dà lè tàn jẹ, kò lè tan ọ̀nà jẹ.