Dókítà Tó Ní Òun Kò Mọ Ehoro

"Ẹni tó júwe oníṣègùn ti bá ni wo àrùn." Bí ẹ bá dé Òkè-Òsè, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Àìsàn ọmọ ènìyàn kọ́ ló bí i. Ehoro ni.

Aránṣọ kan wà ní ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Láoyè. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ló ra ehoro funfun kan, tó sọ ọ́ ní Òwú, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ. Nígbà tí Àwẹ̀ró kú, àwọn ọmọ fẹ́ gbé ehoro náà lọ, bàbá kọ̀ jálẹ̀. Bó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, Òwú a dùbúlẹ̀ sórí àjákù aṣọ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ kì í sì í dí i lọ́wọ́. Búrẹ́dì tí bàbá bá fi ń mu tíì láàárọ̀, á bù ú fún un. Lójú tirẹ̀, ìkẹ́ ló ń kẹ́ ẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Òwú kò jẹun. Bàbá gbé búrẹ́dì síwájú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì yí orí kúrò. Itọ́ ti rin ín lágbọ̀n, ó ká ara rẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀ kan. Ìyá Fẹhíntọlá tó ń sin adìẹ lójúlé kejì gbọ́, ló bá gbé ìgò oògùn kan wá kíákíá.

"Èyí ló gba àwọn adìẹ mi là lọ́dún tó kọjá," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká ro ó sí i lẹ́nu."

Ire ló ń rò. Bàbá gba ìgò náà, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣí i. Ó ń rò ó pé bí ehoro yìí bá kú mọ́ òun lọ́wọ́, ohun abẹ̀mí tó kù tí Àwẹ̀ró fọwọ́ tọ́ nínú ilé náà ló lọ yẹn. Ó gbé Òwú sínú apẹ̀rẹ̀, ó ki ìgò bọ àpò, ó sì kọrí sọ́dọ̀ Ọ̀ṣúnlàjà, dókítà ẹran tó ń tọ́jú ewúrẹ́ àti adìẹ gbogbo ìlú.

Ọ̀ṣúnlàjà fọwọ́ ba ikùn ehoro náà jẹ́jẹ́. Ó yẹ ìgò oògùn wò, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó wí. "Mo mọ ewúrẹ́, mo sì mọ adìẹ. Mi ò mọ ehoro débi tí n ó fi máa dán nǹkan wò lára rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ kò gbọdọ̀ fún un ní oògùn yìí. Ohun tó ń wo adìẹ sàn lè da inú ehoro rú títí tó fi máa kú."

"Ta wá ni kí n gbé e lọ bá, Dókítà?"

"Obìnrin kan wà ní Ìlọ́yọ̀, Dókítà Mojíròlá. Ehoro ló ń tọ́jú jù. Ẹ má sọ pé ó di ọ̀la o. Ehoro tí kò jẹun kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Ó pe obìnrin náà lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ó sì sin bàbá dé gáréèjì. Ìyá Fẹhíntọlá pàdé wọn lọ́nà. Nígbà tó gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, ó ṣu ẹnu jọ. "Dókítà wo ló ń sọ pé òun ò mọ̀? Kí ló wá kọ́ nílé ìwé?" Ọ̀ṣúnlàjà gbọ́ ọ, ó sì ń bá ọ̀nà gáréèjì lọ.

Ní Ìlọ́yọ̀, Dókítà Mojíròlá fi táwẹ́lì wé Òwú, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu. Ó ní kí bàbá wá wò ó. Eyín inú lọ́hùn-ún ti gùn, ó sì ti mú ṣóńṣó, ó sì ti ń gún ahọ́n rẹ̀.

"Eyín ehoro kì í dẹ́kun híhù, Bàbá. Koríko tó bá ń rún lójoojúmọ́ ni kì í jẹ́ kó gùn. Kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Búrẹ́dì ni. Ìyàwó mi máa ń já koríko fún un. Mi ò mọ̀ pé ó nídìí."

"Ìfẹ́ lẹ fi fún un, mo mọ̀. Ẹ kàn padà sí koríko tí màmá ń já."

Ó fi abẹ́rẹ́ kùn ún lóorun, ó rẹ́ eyín náà, ó sì fún un ní oògùn ìrora. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti bàbá, ó sì là á yé e: kí koríko gbígbẹ má tán níwájú rẹ̀, kí omi rẹ̀ mọ́, kí bàbá máa wo ìgbẹ́ rẹ̀ láràárọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àìsàn ehoro ti ń kọ́kọ́ hàn. Bàbá ń tún gbogbo rẹ̀ sọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ àdúrà. Nígbà tí Òwú jí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rún ewé díẹ̀díẹ̀, bàbá ṣí fìlà, ó fi bojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́.

"Ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rán yín wá," Mojíròlá wí. "Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí oríṣiríṣi oògùn bá ti wọ inú ehoro wọn tán ni wọ́n tó ń gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sírú wọn mọ́."

Bàbá kò gbàgbé. Ó rán bùbá àti ṣòkòtò kan tó rí rèǹtè-rente, ó sì gbé e lọ fún Ọ̀ṣúnlàjà. Ọkùnrin náà kò fẹ́ gbà á. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan, òun kàn júwe ọ̀nà ni. Ìyá Fẹhíntọlá wà níbẹ̀, ó gbé adìẹ tó ń ṣàìsàn wá; bàbá sì ti sọ gbogbo ohun tí Mojíròlá wí fún un. Ó wo aṣọ náà, ó wo dókítà.

"Ẹ gbà á, Dókítà," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹni tó júwe oníṣègùn ti bá ni wo àrùn. Èmi tí mo fẹ́ fọwọ́ ara mi wò ó, ńṣe ni ǹ bá pa á."

Ibẹ̀ ni òwe náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó parí iṣẹ́, tó sì gbàgbé ẹni tó fọ̀nà hàn án, òun ni àwọn àgbà Òkè-Òsè ń pa fún un. Wọ́n sì tún ń pa á fún ẹni tí ojú ń tì láti sọ pé òun kò mọ̀, kó lè mọ̀ pé bó bá sọ bẹ́ẹ̀, tó sì darí ẹni sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀, òun náà ti gba ẹ̀mí là.