Ọkùnrin Tó Ti Ife Ògì Sẹ́yìn

Fi ẹ̀yìn ti àga rẹ dáadáa, má sì tíì dá mi lóhùn. Àkàwé kan ni mo gbé wá bá ọ.

Ọkùnrin kan wà ní ìletò kan tí oko kòkó yí ká. Kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe òtòṣì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìlú ńlá, ó wá ku òun àti ìyàwó rẹ̀ nínú ilé. Láràárọ̀ ni ìyàwó náà ń po ògì fún un. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń bu ṣúgà sí i, tí ń rò ó, tí ń tọ́ ọ wò kí ó tó gbé e fún ọkọ, á sì dúró tì í títí ọkọ yóò fi sọ pé ó dùn. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ṣúgà bí ọmọdé. Ìyàwó a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé èèrà ni yóò gbé e lọ lọ́jọ́ kan.

Nígbà tó yá, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín lára. Yóò dúró títí, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kán. Ó ń pa á mọ́ra títí ó fi rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ìyàwó ló sì fà á dé ọsibítù. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ wà nínú pròsítéètì rẹ̀, ìyẹn kókó kékeré tí Ọlọ́run fi sí abẹ́ àpò ìtọ̀ gbogbo ọkùnrin. Wọ́n ní àfi kí àwọn yọ ọ́.

Dókítà tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà kéré sí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Ó ní, "Bàbá, àwọn iṣan kan wà tó tín-ínrín bí òwú, wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí a fẹ́ gé yìí. Àwọn ló ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún nǹkan ọkùnrin yín. A ó gbìyànjú kí a má gé wọn, àmọ́ bí ọwọ́ bá kàn wọ́n lásán, wọ́n lè sùn fún ọdún kan tàbí méjì. Òmíràn kì í jí mọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá wọlé wá gbọ́ ọ pẹ̀lú yín."

Ojú ti ọkùnrin náà. Kí ọmọ kékeré máa dárúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ létí ìyàwó òun? Ó dáhùn pé ìyàwó òun wà lóko. Ìyàwó rẹ̀ kò sì sí lóko. Orí bẹ́ǹṣì ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé fúlásíkì ògì lé itan.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, jẹjẹrẹ kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jó dé iwájú pẹpẹ, ìyàwó ló ṣáájú ijó. Gbogbo ará ìletò bá a yọ̀. Kò sí ẹni tó tún bi í bí ara ṣe ń ṣe é, torí ẹni tí ikú ti fi sílẹ̀, kí ló tún ń wá?

Ṣùgbọ́n nígbà tí egbò jinná, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ra bí wọ́n ti máa ń ṣe, ara rẹ̀ kò dá a lóhùn. Ọkàn fẹ́, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kò gbérí. Ìyàwó fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ní, "Ó rẹ̀ yín ni." Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri. Wọ́n gbìyànjú nígbà mìíràn, bákan náà ni. Ọ̀rọ̀ dókítà ti kúrò lórí rẹ̀, tàbí kí n kúkú sọ pé kò jẹ́ kó dúró níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, inú ikùn ni wọ́n ti gé nǹkan. Kí ló kan ìsàlẹ̀?

O mọ ohun tí àwa ọkùnrin máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí. A ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. A ní ṣúgà ló ń pa ọkùnrin. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ bi ẹnikẹ́ni, àtìgbà èwe ló ti ń gbọ́ ọ. Ó lọ ra àgbo kíkorò ní ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, ó fi pamọ́ sí ahéré oko, ó ń mu ún bí ẹni ń jẹ̀yà. Ó sì pinnu pé ohun dídùn kò ní kan ẹnu òun mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó gbé ògì wá. Ọkùnrin náà fọwọ́ ti ife sẹ́yìn, kò sì ṣàlàyé. Bí ó bá dárúkọ jẹ̀díjẹ̀dí, àfi kí ó dárúkọ ohun tó rò pé ó bà jẹ́, ẹnu rẹ̀ kò sì gbà á. Ìyàwó rò pé ṣúgà ló pọ̀, ó dín in kù. Ọkọ tì í. Ó rò pé ògì náà ti kan jù, ó lọ tuntun. Ọkọ tì í láìtọ́ ọ wò.

Lẹ́yìn náà ni ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá tí àwọn ọmọ fi sílẹ̀. Ìtọ̀ tún máa ń jò sí i lára, kò sì fẹ́ kí ìyàwó gbóòórùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ ṣòkòtò rẹ̀ ní odò ẹ̀yìn oko, tí ń sá a sórí ewéko bí olè.

Ó dá wà, arákùnrin mi. Bí iṣẹ́ oko bá parí, yóò ṣì jókòó sábẹ́ kòkó, torí kò sí ohun tó ń pè é lọ sílé. Bí ó bá délé, yóò gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, tó ń kí àwọn tó ń kọjá, ohùn náà á sì dákẹ́ bí òun bá ti wọlé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibùsùn ló ń dùn ún jù. Ohun tó ń dùn ún ni obìnrin tó máa ń dúró tì í láràárọ̀ kí ó lè gbọ́ pé ògì dùn. Nínú ilé kan náà ni àárò ìyàwó rẹ̀ ti ń sọ ọ́.

Ohun kan sì wà tí kò rò. Nílẹ̀ wa, bí ọkọ bá ṣàìsàn, tó wá kọ oúnjẹ ìyàwó, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wí láìlanu. Ó ń wí pé, ọwọ́ rẹ ni mo fura sí. Odindi oṣù ni obìnrin náà fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì, láìsọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí báàgì lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife ògì. Kàkà kí ó gbé e fún un, òun gan-an gbé e sẹ́nu, ó mu ún dé ìdajì, ó sì gbé èyí tó kù kalẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Tinúkẹ́, ẹ rí i pé mo ti mu ún lójú yín. Bí mo bá fi nǹkankan sínú oúnjẹ yín rí, kí ó má fi mí sílẹ̀. Mò ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "N kò rò bẹ́ẹ̀ rí, Ìyá Tinúkẹ́. Ara tèmi ló kú, mo wá ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ṣúgà. Dókítà ti sọ fún mi kí wọ́n tó gé mi pé ó lè rí bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà bi í pé ìgbà wo. Ó ní ọjọ́ tí òun nìkan wọlé lọ bá dókítà.

Obìnrin náà ní, "Ọjọ́ tí ẹ ní mo wà lóko. Nọ́ọ̀sì jáde wá, ó ní ẹ sọ pé ìyàwó yín wà lóko, ó sì bi mí bóyá èmi kọ́ ni ìyàwó yín. Mo ní èmi kọ́, aládùúgbò yín ni mí. N kò fẹ́ kí ojú tì yín."

Ọkùnrin náà sunkún. Ó ti rò pé ìtìjú òun nìkan ni òun ń gbé, kò mọ̀ pé obìnrin náà ti ń bá òun gbé e látorí bẹ́ǹṣì yẹn. Ó fa ife náà mọ́ra, ó mu èyí tó kù, ṣúgà inú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ó ní ó dùn.

Àwọn méjèèjì ló padà lọ bá dókítà, wọ́n sì jọ wọlé. Dókítà ní kò sí jẹ̀díjẹ̀dí kankan níbẹ̀, ó ní kó da àgbo nù, ó sọ àwọn oògùn àti ìtọ́jú tí wọ́n lè gbìyànjú, kò sì ṣèlérí. Má bi mí bóyá nǹkan náà jí. Ìyẹn kò kàn wá. Èyí tí mo mọ̀ ni pé báàgì padà sínú yàrá, ọkùnrin náà sì padà síbẹ̀ pẹ̀lú.

Wàyí o, ìwọ tí mo wá kí. Ọ̀bẹ ló kan iṣan rẹ, kò sí ẹni tí yóò bá ọ wí sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà láàárín ìwọ àti aya rẹ tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, òun náà tín-ínrín bí òwú. Dókítà kò fọwọ́ kàn án. Ìwọ lo ń gé e, láràárọ̀ tí o bá dákẹ́. Látìgbà tí mo ti jókòó, ìyàwó rẹ ti ń gbá ojú kan ṣoṣo lábẹ́ fèrèsé yẹn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti mọ́ tipẹ́. Èmi ń lọ sílé. Pè é wọlé.