Ọwọ́ Látúnjí Lára Sípíkà

Fátókí àti ọkùnrin mẹ́rin ló máa ń kó àwo orin jọ sí ìloro rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Oníkálùkù á gbé èyí tó fẹ́ràn sórí ẹ̀rọ, á sì sọ ohun tó fi ń rántí. Nígbà tí etí Látúnjí káfíńtà, ọ̀kan nínú wọn, di pátápátá, kò yéé wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ẹnu wọn ló kàn ń wò.

Lọ́jọ́ kan, bí orin ti ń lọ lọ́wọ́, Látúnjí kó àwo rẹ̀, ó dìde láti máa lọ. Ìyàwó Fátókí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara sípíkà onípákó, ó wá kọjú sí àwọn yòókù.

“Ẹ̀yin bàbá, àjọjẹ ò dùn bẹ́nì kan ò bá ní.”

Látúnjí pajú dé fún ìgbà díẹ̀.

“Orin tí mo fi jó níjọ́ ìgbéyàwó mi nìyí,” ló wí. “Àmọ́ ó ń sáré jù.”

Fátókí, tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ẹ̀rọ náà ṣe lóṣù tó kọjá, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Lóòótọ́ ni, ẹ̀rọ náà ń yára yí àwo jù. Odindi oṣù kan ni àwọn mẹ́rin tí etí wọn ń gbọ́ràn ti ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń mi orí sí i.