Ìdí Tí Aṣọ Ọkà Bàbà Fi Pọ́n

Nígbà láéláé, funfun ni aṣọ tí Ọkà Bàbà ń wọ̀. Òun àti Àgbàdo ni wọ́n jọ ń gbé nínú oko kan létí odò, aṣọ wọn sì jọra débi pé àwọn ẹyẹ pàápàá máa ń ṣì wọ́n mọ̀. Ọkà Bàbà fẹ́ràn aṣọ yìí púpọ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un kó tó kú.

Ní àkókò náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà tí wọ́n ń ṣọ́ ara gbogbo ẹ̀dá. Ìwúlé ni ẹ̀gbọ́n, Ooru ni àbúrò. Bí ẹ̀gún bá gún ẹnì kan, wọn á sáré débẹ̀, wọn á dúró sẹ́nu ọgbẹ́ kí ìdọ̀tí má baà wọlé. Bí ọgbẹ́ bá ti ń jiná, wọn á dágbére, wọn á lọ. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe, a kò gbọdọ̀ fi ìyẹn dù wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gún gún Ìgalà níbi tí òun àti ọmọ rẹ̀ ti ń jẹko. Ìwúlé àti Ooru dé, wọ́n ṣọ́ ẹsẹ̀ náà títí ẹ̀gún fi jáde. Ni wọ́n bá dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ.

Ìgalà mọ̀wàá hù jù. Nílé wọn, bí àlejò bá ní òun ń lọ, onílé gbọ́dọ̀ ní kó má ì lọ. Àlejò á rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́, á sì máa lọ bákan náà. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi Ìwúlé àti Ooru, tó jẹ́ pé ẹnu ọgbẹ́ ni wọ́n ti dàgbà.

“Ẹ má ì lọ,” ni Ìgalà wí. “Ṣé ẹ fẹ́ lọ láìjẹun ni? Ilé yín mà nìyí.”

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n padà jókòó.

Wọ́n jẹ agbára ẹsẹ̀ Ìgalà, wọ́n mu omi ara rẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n tún dìde, Ìgalà tún ní kí wọ́n má ì lọ, torí ojú ń tì í láti dákẹ́. Ẹsẹ̀ náà wú bí ìkòkò, ó sì gbóná bí ohun tí a gbé kúrò lórí ààrò. Kò pẹ́ tí kò fi lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn wá mú. Iná ń jó igbó bọ̀ láti òkè, gbogbo ẹranko ń sọdá odò. Ìgalà dùbúlẹ̀ sínú koríko gbígbẹ. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í, kò gbà láti bá àwọn yòókù lọ. Ẹ̀rù ba Ìgalà gan-an, kì í sì í ṣe nítorí ara rẹ̀.

Òkété, aládùúgbò rẹ̀, yọrí láti inú ihò. Ó béèrè ìdí tí kò fi lé àwọn àlejò yìí jáde. Ìgalà ní èèwọ̀ ni, ẹni tó ní kí àlejò jókòó kì í tún ní kó dìde. Òkété ronú díẹ̀.

“Ìwọ kò lè lé wọn,” ló wí, “ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè pè wọ́n sílé tirẹ̀.”

Ó kọ́kọ́ lọ bá Àgbàdo. Àgbàdo béèrè bóyá àwọn àlejò náà kò ní ba aṣọ òun jẹ́. Òkété ní òun kò lè búra. Àgbàdo ní àánú Ìgalà ṣe òun, àánú náà sì parí síbẹ̀.

Ohun kan náà ni Ọkà Bàbà béèrè, ìdáhùn kan náà ló sì gbà. Ó wo aṣọ ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ Ìgalà. Ó dùn ún, kò sì fi pa mọ́. Ó bọ́ aṣọ náà, ó ní kí Òkété rì í sínú odò, kó fi di ẹsẹ̀ Ìgalà. Nígbà tí Òkété dì í tán, Ọkà Bàbà gbóhùn sókè.

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Oúnjẹ ti délẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ máa bọ̀.”

Wọn kò lè kọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ooru ló kọ́kọ́ bọ́ sínú aṣọ náà, ó rí i pé ó tutù, ó sì jókòó. Ìwúlé kò lè dá gbé láìsí àbúrò rẹ̀, ló bá tẹ̀ lé e. Bí ẹsẹ̀ ti ń fọn ni aṣọ ń pọ́n, títí tí kò fi ku ibi funfun kankan lára rẹ̀.

Òkété tú aṣọ náà, Ìgalà sì dìde. Ó tiro, ó tún tiro, ó sáré. Òun àti ọmọ rẹ̀ sọdá bí èéfín ti ń bo etí omi. Òkété dá aṣọ padà fún olówó rẹ̀, ó wọ ihò lọ. Nígbà tí iná dé etí oko, ibi tí àgbẹ̀ ti ro mọ́, ó kú.

Nígbà tí òjò rọ̀, tí àwọn àlejò náà sì ti dágbére lọ, Ọkà Bàbà fọ aṣọ rẹ̀. Omi pọ́n, aṣọ kò funfun. Àgbàdo rẹ́rìn-ín, ó ní ogún ìyá rẹ̀ ti bàjẹ́.

“Ó bàjẹ́ lóòótọ́,” ni Ọkà Bàbà dáhùn. “Ṣùgbọ́n wo òdìkejì odò.”

Ọmọ Ìgalà ń jẹko níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni pòròpórò ọkà bàbà ti pọ́n, tí omi tí a bá fi sè é sì ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń wá ewé tó ní àwọ̀ bíi tirẹ̀ lọ fún ìwòsàn, bí Ìwúlé àti Ooru bá pẹ́ jù lára ẹnì kan. Ìgalà náà kọ́gbọ́n: bó bá rí àlejò, kì í dúró kí i mọ́, sísá ló ń sá.

Aṣọ Àgbàdo ṣì funfun dòní. Inú ààrò la ń kó o sí. Ti ọkà bàbà, orí àjà ni ìyá mi máa ń tọ́jú rẹ̀ sí.