Ṣówándé àti Alágbàṣe Rẹ̀ Tí Kì í Jẹun

Ní Ìdí-Ìyeyè, níbi tí ilẹ̀ ti funfun láti ìsàlẹ̀ wá, iṣẹ́ wíwa òkúta ẹfun ni Ṣówándé ń ṣe. Ẹfun rẹ̀ ni àwọn ará ìlú ìtòsí fi ń kun ara ilé wọn. Ẹ̀bá kòtò ẹfun náà gan-an ni ó kọ́ ilé tirẹ̀ sí, kí ó lè máa ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti orí ẹní. Òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú ìyá Ṣówándé, tí ó ti kú, tí wọ́n sì sin sí yàrá ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà. A ka ìyá náà mọ́ wọn nítorí pé Àwẹ̀ró kò kà á sí òkú rí. Láràárọ̀ ni ó máa ń ra ilẹ̀ yàrá náà títí yóò fi dán. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, a sì máa fi ẹjọ́ ọkọ sùn ún. Ṣówándé a máa fèsì láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ìyá tó bí òun kò lè dá òun lẹ́bi.

Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí òkè ni omi rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà wọ inú kòtò. Awa-ẹfun mìíràn ì bá lé e kúrò. Ṣówándé ní tirẹ̀ kíyè sí i pé bí àgbàrá bá ti kọjá, ó máa ń fọ erùpẹ̀ kúrò lára òkúta, ẹfun tuntun á sì hàn síta láìjẹ́ pé òun fi ọkọ́ kàn án. Ó bá la ọ̀nà fún omi náà tààrà sí ògiri kòtò tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹfun ti funfun jù lọ. Ó sọ ọ́ ní alágbàṣe òun tí kì í jẹun. Bí òjò bá ṣú, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tètè dé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe erùpẹ̀ nìkan ni alágbàṣe yìí ń kó. Lọ́dọọdún ni ó ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri náà, tí ti òkè sì ń ya tẹ̀ lé e, títí ẹnu kòtò fi dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ní ọdún kan, Àwẹ̀ró rí i pé ilẹ̀ yàrá ìyá là tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fi amọ̀ dí i. Òjò rọ̀, ó tún là. Ó pe ọkọ rẹ̀ wá wò ó, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó darí omi náà gba ibòmíràn.

Ṣówándé rẹ́rìn-ín. “Àwẹ̀ró, àtìgbà wo ni àgbàrá yìí ti ń bá mi ṣiṣẹ́? Kò jẹ́ wó ilé ọ̀gá rẹ̀.”

“Ó bá yín sọ ọ́?”

“Kí ló fẹ́ bá mi sọ?”

“Pé òun ò ní wó o. Àbí mi ò sí ńlé lọ́jọ́ tí ẹ jọ sọ ọ́ ni?”

Ọkọ ní bí ẹ̀rù bá ń bà á, kí àwọn kọ́ ilé mìíràn sí ìsàlẹ̀ abúlé. Àwẹ̀ró bi í bóyá ìyá ni yóò dìde ru ẹrù ara rẹ̀ débẹ̀.

Òjò ńlá tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Kò pẹ́ tí apá kan ògiri kòtò fi ya, ilé ìdáná sì bá a lọ tòun ti ìkòkò ọbẹ̀. Ṣówándé sáré wọlé láti fa ìyàwó rẹ̀ jáde. Ó bá a ní yàrá ẹ̀yìn, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú oórì ìyá, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọkọ ní kó dìde, ìyàwó ní òun ò dìde.

“Ìyá wa ò lè sá,” Àwẹ̀ró sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ lọ bẹ alágbàṣe yín. Bó bá gbà, n ó jáde.”

Ṣówándé bọ́ sínú òjò. Omi náà ń rọ́ kọjá nínú ojú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ fún un, ó ń sáré lọ síbi tí Ṣówándé rán an. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni, kò sì mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ilé. Ta ni ènìyàn yóò bẹ̀ nínú rẹ̀? Ṣówándé mú ọkọ́, ó gun òkè lọ, ó fi òkúta àti erùpẹ̀ dí ọ̀nà tí ó là, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òmíràn gba òkè ilé kọjá, kí omi lè gba ibẹ̀ lọ sínú odò. Ọdẹ́jìmí aládùúgbò wọn rí i lókèèrè, ó sì gbé ọkọ́ tirẹ̀ wá láìbéèrè. Nígbà tí omi yí orí padà, Àwẹ̀ró gbọ́ pé ariwo ẹ̀yìn ilé ti rọlẹ̀. Ó kó ẹ̀gúsí rẹ̀ jọ, ó sì jáde wá fún wọn lómi mu.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ṣówándé kò wa ẹfun ẹ̀yìn ilé tà mọ́, bó ti wù kó funfun tó. Ó gé ògiri náà ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, kí ó má baà dúró lóòró gangan mọ́, ó sì fi òkúta tẹ́ ojú àgbàrá tuntun náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ló wá fi ń wa ẹfun níbòmíràn, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Àwẹ̀ró a máa fi òrí ra ẹ̀yìn rẹ̀, a sì máa kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, alágbàṣe tó ń jẹun.”

Ọdún yípo, òjò ńlá tún dé, ilé sì dúró. Ọdẹ́jìmí wá kí wọn, ó ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé àfi bí ẹni pé àgbàrá ti ronú pìwà dà. Ṣówándé, tí ó ń ti òkè bọ̀ níbi tí ó ti lọ kó ewé kúrò lójú omi, mi orí.

“Kò ronú kankan. Bó ṣe wá léèsí náà ló ṣe wá lónìí, ilé yìí náà ló fẹ́ wó. Èmi àti Àwẹ̀ró ni ò gbà fún un.”

Ọdẹ́jìmí mú ọ̀rọ̀ náà délé, ó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn náà sì sọ ọ́ fún tiwọn. Láti ibẹ̀ ni ó ti di òwe lẹ́nu àwọn àgbà pé: àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò níí gbà fún un.