Ọ̀tún Lájídé

Wọ́n máa ń sọ ọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ìrókò pé: "Ọ̀tún Lájídé, òsì ni; ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní í bá a délé." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ọkọ̀ ló fà á.

Iṣẹ́ jórinjórin ni Lájídé ń ṣe. Móríyìíkẹ́ ló fẹ́ fi ṣaya, ọmọ náà sì fẹ́ ẹ dénú. Ṣùgbọ́n Bàbá Akínlùyí tó bí Móríyìíkẹ́, awakọ̀ lọ́rì tó ti fẹ̀yìntì, ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Mọ́rísì àtijọ́ kan lábà oko rẹ̀, tí sítíárìn rẹ̀ ti dógùn-ún títí tó fi já.

Bàbá ní, "Lájídé, wà á dé ẹnu ọ̀nà mi, kí n fún ọ lọ́mọ. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá fi lè kọjá, mo ti gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ọ̀rọ̀ sì tán nìyẹn."

Ibo ni èèyàn ti fẹ́ rí sítíárìn Mọ́rísì rà? Lájídé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó gé páìpù omi, ó fi ṣe ọ̀pá rẹ̀, ó wá jó àgbá kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ ìyá rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Nígbà tó ku apá irin tó ń yí táyà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó ń dè é.

Móríyìíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Bùọ̀dá Lájídé, ó jọ pé ẹ ti de apá yẹn sódì."

"Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Kò mọ̀ ọ́n o. Bó ṣe máa ń dáhùn nìyẹn bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn méjèèjì gbéra lábà. Níbi kọ́nà àkọ́kọ́, Lájídé fà á sí ọ̀tún, ọkọ̀ yà sí òsì, ó wọ inú ẹ̀gẹ́ olóko lọ. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ń tú u, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́. Lájídé kawọ́ lérí.

"Mo ti ba tiwa jẹ́."

Móríyìíkẹ́ ní, "Kò tíì bàjẹ́. Ẹ rọra máa wà á. Ibi tí mo bá pè ni kẹ́ ẹ fà á sí. Ẹ má bá mi jiyàn."

Bí ọ̀nà bá yà sí ọ̀tún, á ní, "Òsì." Bó bá yà sí òsì, á ní, "Ọ̀tún." Wọ́n ń rìn bí ìgbín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé, Bàbá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Awakọ̀ àtijọ́ ni, ó rí i pé ibi tí ọwọ́ Lájídé ń fà sí kọ́ ni ọkọ̀ ń yà sí.

"Lájídé, sítíárìn rẹ ń purọ́."

Lájídé dọ̀bálẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Móríyìíkẹ́ ló mọ irọ́ tó ń pa."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wọlé wá jẹun.

Lọ́jọ́ Ajé, Lájídé tú apá irin náà, ó yí i padà. Ẹnu tirẹ̀ tó ń sọ òdìkejì ọkàn rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó rí i tú. Títí dòní, bó bá ti oko iṣẹ́ dé tó ní ebi kò pa òun, Móríyìíkẹ́ á kàn gbé ìkòkò kaná. Bó bá ní inú kò bí òun, á jókòó tì í. Àwọn ará àdúgbò á ní: ọ̀tún Lájídé, òsì ni, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní í bá a délé.